Eré Tí Kò Lóhùn

Ẹ ju òkúta sílẹ̀ láti orí ilé gíga kan. Bí a bá yọ ti atẹ́gùn kúrò, yóò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2.8 kí eré òkúta náà tó pé 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra nìyẹn, kò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba owó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ETH Zurich àti ti Lucerne ní Switzerland gbé ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò síta. Mythen ni wọ́n pè é, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 140 kílò lọ. Láti orí ìdúró, ọkọ̀ náà pé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.956, ilẹ̀ tó sì fi ṣe é kò ju mítà 12.3 lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó kó eré jọ ní bí ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń já bọ́ láti òkè.

Bátìrì ló gbé e. Kò sí epo bẹntiróò nínú rẹ̀, kò ní sàlẹ́ńsà, kò sí ẹni tó ń yí jíà kankan.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ọkọ̀ asáré, àwọn tó jẹ́ pé kí èèyàn tó rí wọn, etí ti gbọ́ wọn. Mo mọ ohùn wọn kí n tó mọ orúkọ wọn. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ oníbátìrì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe yára tó kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Bí wọ́n ṣe ń sá a láìsọ nǹkan kan ni.

Ẹ jẹ́ ká yọjú sínú ẹ́ńjìnnì elépo ná, nítorí ibẹ̀ ni ariwo ti ń wá. Epo àti atẹ́gùn á wọ inú sìlíńdà, písítìnì á fún wọn pọ̀, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, á bú gbàù. Ìbúgbàù yẹn ló ń ti písítìnì padà sísàlẹ̀, èéfín á sì gba ọ̀nà sàlẹ́ńsà jáde. Ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà 12 tó bá ń yí nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ń bú gbàù nígbà 800 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ohun tí à ń pè ní ohùn ọkọ̀ asáré nìyẹn: ìbúgbàù tó yára débi pé ó di orin. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Toyota ń ṣe Lexus LFA, tí wọ́n kọ́ 500 péré láàárín 2010 sí 2012, Yamaha tó ń ṣe dùùrù àti gìtá ni wọ́n bá dòwò pọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà 10 rẹ̀ àti lórí ohùn tó máa jáde níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún máa ń kúrò lórí ìsinmi dé yíyí nígbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.6 péré. Aago alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kò lè bá a sáré, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tó yára jù nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ títí di òní, ẹni tó bá gbọ́ ọ tó ń kọjá kì í gbàgbé.

Ẹ́ńjìnnì elépo ní àbùkù kan ṣá, ariwo rẹ̀ ló ń bá a bò ó mọ́lẹ̀. Kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí òdo. Bí kò bá yí, kò lágbára kankan. Bó bá rọra ń yí, agbára díẹ̀ ló ní. Ó dìgbà tó bá yí dé ibì kan kó tó lè fi gbogbo ara ṣiṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tó fi nílò kílọ́ọ̀ṣì àti jíà lóríṣiríṣi. Bó bá tún ní túbò, èéfín ní láti kọ́kọ́ yí túbò náà kí túbò tó fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ara ń mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù, ọkọ̀ mí sínú, ó ké, lẹ́yìn náà ló wá lọ.

Mọ́tọ̀ iná kò mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Ẹbí fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta ni, ó kàn tóbi jù wọ́n lọ ni. Bí iná bá ti wọ wáyà rẹ̀, agbára mágínẹ́ẹ̀tì á gbá a mú, gbogbo agbára ìyípo rẹ̀ ló sì wà nílẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì yí rárá. Jíà kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ táyà, á dín agbára kù tàbí kó fi kún un kí awakọ̀ tó fura pé táyà fẹ́ yọ̀. Ohun tó kù tó ń dí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ju bí rọ́bà táyà ṣe lè di ilẹ̀ mú tó lọ.

Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí ti dá sílẹ̀. Ní 2005 tí Bugatti gbé Veyron jáde, ẹ́ńjìnnì lítà 8 ló wà nínú rẹ̀, sìlíńdà 16, túbò mẹ́rin, rádíétọ̀ mẹ́wàá, agbára ẹṣin 1,001, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan yúrò. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 ló ń dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan, gbogbo wa sì gbà pé òpin ayé ọkọ̀ ti dé. Ní 2021, Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model S Plaid ní nǹkan bí 130,000 dọ́là. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, búùtù tó gba ẹrù, àyè fún ìjókòó ọmọdé lẹ́yìn, agbára ẹṣin 1,020. Wọ́n ní ó ń dé máìlì 60 ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.99. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà nínú iye yẹn o. Àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé wọn kì í ka ẹsẹ̀ bàtà kan àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá rìn, wọ́n á jẹ́ kó gbéra tán kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ kún un nígbà náà. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọkọ̀ tí bàbá kan fi ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé ṣì ń fi Veyron sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti jọ gbéra.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́kọ́ fara kó o. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa kábù níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọkọ̀ kábù aládàáni, ìyẹn èyí tí kì í ṣe takisí dúdú, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba ìwé àṣẹ nílùú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè rìn láìtú èéfín, bí ẹ̀gbọ́n ṣe di onímọ́tò oníbátìrì nìyẹn, kì í ṣe pé ó ń wá eré. Lọ́jọ́ tó gbé mi, a jáde sí ojú ọ̀nà kan tó dá páropáro, ó wá bi mí pé:

"Ṣé o di bẹ́líìtì ẹ dáadáa?"

"Mo ti dì í, ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé?"

Kò dá mi lóhùn. Ó tẹ ẹ́. Orí mi lọ lu ẹ̀yìn ìjókòó, ikùn mi ṣì wà níbi tí a ti gbéra. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ohun tí mo gbọ́ kò ju táyà tó ń họ ilẹ̀ lọ àti ìró fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìgbà tí wọ́n bá ń fẹ́ fèrè níbi tó jìnnà. Nígbà tó dín eré kù, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má tún un ṣe mọ́." Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ohun tí mo fi ń gbé àwọn èrò lọ sí Heathrow nìyí o."

Mo ronú lé e lórí lẹ́yìn náà, torí mo ti jókòó nínú ọkọ̀ asáré elépo rí, ara mi kò sì dàrú báyẹn. Ohun tí mo rò ni pé nínú ti elépo, etí ló máa ń ránṣẹ́ sí ikùn. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ gbóhùn sókè, ara á ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, á di ara rẹ̀ mú. Ní Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá fun kàkàkí, gbogbo ẹni tó wà láàfin ti mọ ẹni tó ń bọ̀ kí wọ́n tó rí adé. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe fún ọkọ̀ asáré nìyẹn. Ọkọ̀ oníbátìrì kò ní afunfèrè. Kí èèyàn tó dojú bolẹ̀, ó ti jókòó.

Fún àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà, ó tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Nílé tí wa, bí iná bá wà lẹ́yìn tí ìjọba ti mú tiwọn lọ, ariwo ló gbé e wá. Bí gẹnẹrétọ̀ bá ṣe ń ké tó la fi ń mọ bó ṣe tóbi tó. Kò sí ẹni tó kọ́ wa pé ohun tó lágbára lè dákẹ́.

Ó sì jẹ́ ohun ìyanu pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1899, ní Achères nítòsí Paris, ará Belgium kan tó ń jẹ́ Camille Jenatzy jókòó sórí ọkọ̀ kan tó rí bí ọta ìbọn, La Jamais Contente lorúkọ rẹ̀, ó sì sá a dé 105.88 kìlómítà ní wákàtí kan. Òun ni ọkọ̀ ojú títì àkọ́kọ́ tó kọjá 100. Bátìrì ló gbé òun náà. Epo ló wá gba ipò lẹ́yìn náà, torí pé agbára tó wà nínú gálọ́ọ̀nù epo kan kò sí bátìrì ayé ìgbà yẹn tó lè gbé e. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni pé ní 1912, nígbà tí Cadillac mú wàhálà fífi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kó tó ṣiṣẹ́ kúrò, mọ́tọ̀ iná kékeré ni wọ́n fi ṣe é. Iná ló bá epo ṣílẹ̀kùn.

Ibi tí iná ti gba ẹ̀san ni Pikes Peak, òkè kan ní Colorado. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọkọ̀ sáré gun òkè yìí: nǹkan bí 20 kìlómítà, kọ́nà 156, òkè ibi tí wọ́n ń parí sí sì ga tó mítà 4,300. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì elépo sì nílò afẹ́fẹ́ bí àwa náà ṣe nílò rẹ̀, bó bá ṣe ń gòkè ló ń pàdánù agbára. Ní 2013, Sébastien Loeb gùn ún pẹ̀lú Peugeot elépo láàárín ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 13.878, àwọn èèyàn ní ó máa pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ní oṣù kẹfà 2018, Romain Dumas gbé Volkswagen ID.R oníbátìrì lọ síbẹ̀, agbára ẹṣin 680, ó sì dé òkè láàárín ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57.148. Mọ́tọ̀ iná kì í mí. Bí afẹ́fẹ́ fúyẹ́, bí kò fúyẹ́, kò kàn án. Wọ́n sì so sáírìnì mọ́ ọkọ̀ náà lára, nítorí àwọn òǹwòran àti ẹranko tó lè rìn bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ tó yára jù lọ tó tíì gun òkè yẹn, ó ń han bí ọkọ̀ panápaná kí ó má bàa pa ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń wá ohùn kiri. BMW gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Hans Zimmer tó ń kọ orin fún sinimá. Porsche ń ta ohùn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ nínú Taycan. Hyundai ló wá ṣe èyí tó ga jù: nínú Ioniq 5 N tí wọ́n gbé jáde ní 2023, èèyàn lè tẹ bọ́tìnnì kan, ọkọ̀ náà á máa ṣe bí ẹni pé ó ní jíà, á máa ta gìrì bí ìgbà tí jíà bá yí, sípíkà á sì máa bú bí ẹ́ńjìnnì. Jíà kò sí níbẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì kò sí. Mo kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn olólùfẹ́ epo tó sọ̀kò, kí wọ́n rántí pé BMW M5 elépo tó jáde ní 2011 ń fi sípíkà inú ọkọ̀ ti ohùn ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lẹ́yìn, nítorí túbò ti jẹ́ kí ohùn náà rọ̀, tí ilẹ̀kùn àti gíláàsì tó nípọn sì ti sé ìyókù mọ́ta. Ohùn àgbélẹ̀rọ ti wọ ọkọ̀ asáré tipẹ́ kí bátìrì tó dé.

Èrò tèmi ni pé ìdíje tó wà láàárín àwọn méjèèjì ti parí, àmọ́ bó ṣe parí kò rí bí a ṣe rò. Bátìrì ti gba ìdíje gbígbéra pátápátá. Gbígbà tó gbà á ló sì sọ ọ́ di nǹkan yẹpẹrẹ. Nígbà tí ó jẹ́ Ferrari àti Lamborghini nìkan ló ń dé 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, iye yẹn ń sọ nǹkan nípa ẹni tó ni ín. Nísinsìnyí tí ọkọ̀ ìdílé ń ṣe é, kí ló kù tó ń sọ?

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn bíi Mate Rimac. Ọmọ Croatia ni. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí ẹ́ńjìnnì BMW àtijọ́ rẹ̀, ti 1984, bàjẹ́ lórí pápá ìdíje, ó sì fi mọ́tọ̀ iná rọ́pò rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣe Nevera, tó fi orúkọ ìjì òjijì etí òkun wọn sọ: mọ́tọ̀ mẹ́rin, agbára ẹṣin 1,914, mílíọ̀nù méjì yúrò. Ní 2023, ọkọ̀ náà gba àmì ẹ̀yẹ eré sísá 23 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.81, ó sì kúrò lórí òdo dé 400, ó tún padà dúró, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 29.93. Díẹ̀ ni ọkọ̀ elépo tó ń tà lọ́jà tó lè wò ó lójú nígbà yẹn. Láti 2021 ni Rimac sì ti di ọ̀gá Bugatti. Gbogbo wa ń retí Bugatti oníbátìrì.

Tourbillon ló gbé jáde ní 2024. Ẹ́ńjìnnì tuntun oní-sìlíńdà 16, lítà 8.3, kò tilẹ̀ ní túbò, kí ohùn rẹ̀ lè mọ́. Mọ́tọ̀ iná mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ni ọba. Lọ́dún kan náà ni Rimac sọ ní gbangba pé àwọn olówó kò fẹ́ ọkọ̀ asáré oníbátìrì bí òun ṣe rò tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó fi iná borí gbogbo ayé ló padà lọ kọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ké. Mi ò rò pé ó ṣẹ̀ sí ohun tó gbà gbọ́. Ọjà ló kà. Ẹni tó bá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.8 yúrò kò nílò kí ọkọ̀ yára ju ti aládùúgbò rẹ̀ mọ́, ohun tí aládùúgbò kò lè rà ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà tún wà níbẹ̀, tí àwọn tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá kì í fẹ́ dárúkọ. Model S Plaid wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Mazda MX-5 kékeré tó ń lo epo kò ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Lójú ọ̀nà tó tọ́, MX-5 dà bí ẹni tó ń sùn. Ní ojú ọ̀nà oníkọ́nà, níbi tí ọkọ̀ ti ní láti yí sọ́tùn-ún, yí sósì, tẹ bíréèkì, ìdajì ẹrù yẹn tí kò sí lára rẹ̀ làwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ń sanwó fún. Bátìrì lè tì ọ́ lọ síwájú bí ọta ìbọn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ẹrù tó ń gbé lọ.

Ní ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ti adùn tàbí àìdùn. Afọ́jú tó fẹ́ sọdá, etí ló fi ń ríran. Nítorí wọn ni Ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣòfin pé láti oṣù keje 2021, gbogbo ọkọ̀ oníbátìrì tuntun gbọ́dọ̀ máa dún bí kò bá tíì kọjá 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Lẹ́yìn iye yẹn, ariwo táyà tó. Ní Cotonou àti Lomé, níbi tí ọ̀kadà oníbátìrì Spiro ti ń gbé èrò kiri, tí oníbàárà, ewúrẹ́ àti ọmọ iléèwé jọ ń du ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀rọ̀ náà gbóná ju ti Paris lọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ti sọ pé láti 2030 wọn kò ní ta ọkọ̀ tuntun tó jẹ́ epo nìkan ló ń lò mọ́. Ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n kéde pé òfin náà kò ní kan àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bíi McLaren àti Aston Martin. Mo ka ìròyìn náà fún ẹ̀gbọ́n mi oníkábù lórí fóònù. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Nítorí náà, olówó ló máa wa èyí tó ń pariwo, àwa mẹ̀kúnnù la máa wa èyí tó yára?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, bó ṣe rí nìyẹn.

"Kí wọ́n máa pariwo lọ o. Èrò ń dúró dè mí ní Peckham."